Bí A Ṣe Ń Yan Bíréèkì Iwájú fún Ọkọ̀ Ìgboro tí A Tún Ń Gbé Lọ sí Pápá Eré-Ìje

Bí bíréèkì bá ti já ẹni tó ń gbé ọkọ̀ ìgboro lọ sí pápá eré-ìje kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kálípà ńlá aláwọ̀ pupa ló máa ń sáré lọ rà, ìyẹn irin tó ń fi páàdì méjì fún díìsì, irin róbótó tó ń yí pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọkọ̀. Owó á lọ tán, á wá rí i pé rímù kò wọlé mọ́, tàbí pé pẹ́dà ń wọlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí pé ọkọ̀ tilẹ̀ ń gba ọ̀nà tó jìn sí i kó tó dúró, nítorí pé táyà iwájú ti há kí bíréèkì ẹ̀yìn tó ṣe ìdajì iṣẹ́ tirẹ̀. Ọkọ̀ tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ níbí ni Mazda MX-5 ìran kìíní àti ìkejì, èyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní NA àti NB, tó sì pọ̀ lọ súà ní pápá eré-ìje Brands Hatch àti Snetterton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ mìíràn lè tẹ̀ lé ìlànà kan náà, bó bá ti fi ìwọ̀n ọkọ̀ tirẹ̀ rọ́pò èyí tó wà níbí.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwọ̀n díìsì tó wà lára ọkọ̀ yín báyìí. MX-5 oní-ẹ́ńjìnnì lítà 1.6 àkọ́kọ́ jáde pẹ̀lú díìsì iwájú tó fẹ̀ ní 235mm, NA oní-1.8 ní 255mm, NB tó ní bíréèkì ńlá tí Mazda pè ní Sport sì ní 270mm. Àwọn ọkọ̀ yìí ti dàgbà, wọ́n sì ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá, nítorí náà ẹ fi irinṣẹ́ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ má gbà á gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín.
- Ìwé ìtọ́nisọ́nà ilé iṣẹ́, nítorí ìwọ̀n tí a gbọ́dọ̀ fi bóòtù kọ̀ọ̀kan le.
- Rímù àti táyà tí ẹ fẹ́ máa lò ní pápá. Ẹ yan wọ́n kí ẹ tó yan bíréèkì, nítorí pé táyà ló ń pinnu iye iṣẹ́ tí bíréèkì lè ṣe.
- Jáàkì, sítáńdì méjì tó lágbára, sípánà tó ń ka ìwọ̀n líle bóòtù, ìgò óìlì bíréèkì tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí, àti ọ̀dà tó ń pa àwọ̀ dà bí díìsì bá gbóná dé ìwọ̀n kan.

Ìpele 1: Ẹ mọ ohun tó ń ṣe bíréèkì náà gan-an

Ẹ má ra ohunkóhun kí ẹ tó lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bí pẹ́dà bá rọ̀, tó ń rì lọ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ ọkọ̀, tó sì ń le padà díẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ léraléra, óìlì ló ti hó nínú kálípà: óìlì fúnra rẹ̀ kò ṣeé fún pọ̀, ṣùgbọ́n oru tó ń jáde nígbà tó bá hó ṣeé fún pọ̀, oru yẹn sì ni ẹsẹ̀ yín ń fún. Bí pẹ́dà bá le bí òkúta, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára, síbẹ̀ tí ọkọ̀ kò dáhùn, páàdì ló ti gbóná kọjá ibi tí wọ́n ṣe é mọ. Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, àwọn ènìyàn á ní díìsì ti wọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà kò wọ́ rárá, páàdì ló ti lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ níbì kan ju ibòmíràn lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé táyà ló ń há, tàbí pé ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há, ń ta pẹ́dà padà sí yín lẹ́sẹ̀ láti ìyípo àkọ́kọ́, agbára bíréèkì tí ẹ ní ti tó, táyà ni kò lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibí yìí ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò. Ẹni tí óìlì rẹ̀ ń hó, tó wá lọ ra kálípà onípísítìn mẹ́rin (písítìn ni irin tí óìlì ń tì kó lè tẹ páàdì), ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Àyẹ̀wò: ẹ gbọ́dọ̀ lè kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan pé ní ìyípo báyìí, ní kọ́nà báyìí, pẹ́dà ṣe báyìí. Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́, ẹ padà lọ sí pápá pẹ̀lú bíréèkì tí ẹ ní, kí ẹ fi ara balẹ̀, kí ẹ sì kíyè sí ẹsẹ̀ yín.

Ìpele 2: Óìlì àti páàdì ló ṣáájú

Óìlì bíréèkì a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi náà sì ń mú kó tètè hó. Ìlànà DOT 4, ọ̀kan nínú àwọn ìpele tí wọ́n fi ń pín óìlì bíréèkì, béèrè pé kí óìlì tuntun má hó títí yóò fi dé dígírì 230 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá ti wọ inú rẹ̀, 155 péré ni ìlànà yẹn béèrè. DOT 5.1 béèrè 260 àti 180. Àwọn óìlì tí wọ́n ṣe fún eré-ìje ga ju èyí lọ dáadáa: Motul RBF 600 kò ní hó títí di dígírì 312 nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun, ATE TYP 200 sì dé 280. Ẹ má ṣe da DOT 5 pọ̀ mọ́ DOT 5.1 nítorí pé orúkọ wọn jọra. DOT 5 jẹ́ sílíkóònù, kò bá èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín mu, kò sì yẹ ọkọ̀ tó ń lọ sí pápá.

Páàdì ló le láti yàn fún ọkọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ méjì. Páàdì ìgboro máa ń di ọkọ̀ mú láti ìgbà tó bá ṣì tutù, ṣùgbọ́n ó tètè sú lábẹ́ ooru. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìdíje gidi ń fẹ́ gbóná kó tó di nǹkan mú dáadáa, ó ń han létí gbogbo àdúgbò, ó sì ń jẹ díìsì bí ẹ bá ń lò ó nígbà tó tutù. Ẹ fojú inú wo ara yín ní òwúrọ̀ oṣù kìíní, òjò ń rọ̀, ọmọ kékeré kan já sí títì lójijì, páàdì tó wà lára ọkọ̀ sì jẹ́ irú tó ń fẹ́ dígírì 200 kó tó jí. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló bọ́gbọ́n mu: ẹ lo páàdì àárín méjì, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tó tutù tó sì lè gba ooru díẹ̀, bí ẹ bá ń lọ sí pápá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan; tàbí kí ẹ ní oríṣi méjì, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ti èkejì ni mo fara mọ́, nítorí pé lára MX-5, pípààrọ̀ páàdì iwájú kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Fún ojú pópó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá àmì R90, ìyẹn ìlànà tí páàdì ojú pópó gbọ́dọ̀ bá mu, lára páàdì tàbí lára páálí rẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ kun ọ̀dà ooru sí etí díìsì. Nínú irú ọ̀dà tó wọ́pọ̀, àwọ̀ ewéko máa ń di funfun ní dígírì 430, àwọ̀ ọsàn máa ń di ìyeyè ní 560, pupa sì máa ń di funfun ní 610. Lẹ́yìn ọjọ́ kan ní pápá, bí ewéko nìkan ló yí padà, tí pẹ́dà kò sì rọ̀, ẹ dúró síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ MX-5 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò yí padà kò nílò jù báyìí lọ, ẹ sì lè fi ìyókù owó náà ra táyà.

Ìpele 3: Ẹ ṣírò ooru tí díìsì ní láti gbé

Bí pupa bá ti yí padà, tàbí tí páàdì àti óìlì tó dára ṣì ń sú, ó di ọ̀ràn ìwọ̀n irin. Ẹ wò ó báyìí. MX-5 pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí kílò 1,100. Bí ó bá bọ́ láti 160 kìlómítà ní wákátì kan sí 60, agbára tí bíréèkì ní láti sọ di ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlójúùlù 930. Bí iwájú bá gbé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, díìsì iwájú kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí 325. Díìsì tó wúwo tó kílò 5 yóò fi nǹkan bí dígírì 140 gbóná sí i nínú títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan yẹn, èyí tó wúwo tó kílò 6 yóò sì fi nǹkan bí 118. Bí kò bá sí àyè láti tutù kí kọ́nà tó tẹ̀ lé e tó dé, títẹ̀ kejì á gùn orí ti àkọ́kọ́. Ní Brands Hatch, lórí ìyípo kékeré tí wọ́n ń pè ní Indy, ẹ kò tíì pẹ́ tí ẹ sọ̀kalẹ̀ láti kọ́nà Paddock Hill tí ẹ fi gun òkè, tí ẹ sì tún ní láti tẹ bíréèkì fún kọ́nà Druids.

Ohun méjì ni ìṣirò yìí kọ́ wa. Èkíní, ìwúwo díìsì àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń gbé ooru. Iye písítìn tó wà nínú kálípà kò kàn án. Èkejì, bí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru a di ìlọ́po mẹ́rin, ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí wọ́n fi tọ́bò sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi ń ba bíréèkì tó tó o lánàá jẹ́.

Kí ẹ tó ra díìsì ńlá, ẹ gbìyànjú họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ láti iwájú bọ́ńpà wá sí àárín díìsì. Àárín gan-an ni kí afẹ́fẹ́ wọlé sí, kí àwọn ihò inú díìsì lè fà á jáde. Ẹni tó bá darí rẹ̀ sí ojú kan díìsì nìkan ń jẹ́ kí ojú kan tutù ju èkejì lọ, ìyẹn sì lè la díìsì.

Ìpele 4: Ẹ pa ìwọ̀n-déédéé iwájú àti ẹ̀yìn mọ́

Kò sí ìpele tí àwọn tó ń ta ọjà kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí bí èyí. Agbára tí bíréèkì fi ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú dúró lórí ohun mẹ́rin: bí óìlì ṣe ń ti písítìn lágbára tó, bí ojú písítìn ṣe fẹ̀ tó, bí páàdì ṣe ń di díìsì mú tó, àti bí páàdì ṣe jìnnà sí àárín ẹsẹ̀ tó. Kálípà MX-5 tó bá ọkọ̀ wá ní písítìn kan tó fẹ̀ tó nǹkan bí 51mm. Ojú rẹ̀ jẹ́ 2,043mm níbùú lóròó. Nínú kálípà onípísítìn mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ kan péré ni kí ẹ kà, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kejì ń ṣe iṣẹ́ tí ara kálípà tó ń sún síwá sẹ́yìn ń ṣe nínú ti àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Písítìn méjì oní-35mm jẹ́ 1,924, ìyẹn fi nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Méjì oní-38mm jẹ́ 2,268, ó fi ìdá 11 lé. Méjì oní-44mm jẹ́ 3,041, ó fi ìdá 49 lé. Nísinsìnyí, ẹ fi díìsì kún un: láti 255mm sí 270mm, bí páàdì bá ga tó nǹkan bí 40mm, jíjìnnà páàdì sí àárín ẹsẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 7 pọ̀ sí i. Kálípà oní-35mm lórí díìsì 270mm fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí agbára padà rárá, bẹ́ẹ̀ ó fún yín ní irin tó pọ̀ sí i láti gbé ooru. Lójú tèmi, òun ló yẹ ọkọ̀ tí bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì yí padà. Oní-38mm fi nǹkan bí ìdá 19 lé, ìyẹn ṣeé fi páàdì tó mú jù sí ẹ̀yìn tún ṣe. Oní-44mm fi nǹkan bí ìdá 59 lé: iwájú á máa há, ẹ̀yìn á máa sùn, pẹ́dà á sì gùn, nítorí pé óìlì tí másítà, sílíńdà tí pẹ́dà ń tẹ̀, ní láti tì ti pọ̀ sí i.

Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì níbí. Ẹ má ṣe sáré fi agbára kún ẹ̀yìn kí ẹ tó fi kún iwájú. Bí iwájú bá há, ọkọ̀ á máa lọ tààrà, ẹ sì lè yọ ẹsẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá há nínú kọ́nà, ọkọ̀ á yí po kí ẹ tó ronú.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ nọ́ńbà ti àtijọ́ àti ti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí iwájú bá fi ju ìdá 20 lọ lé, tí ẹ kò sì ní ètò fún ẹ̀yìn, ẹ má ra á. Bí ẹni tó ń ta kálípà kò bá lè sọ bí písítìn rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ìpele 5: Ẹ mú ọ̀nà kan nínú mẹ́ta

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti ẹni tó ní NA 1.6: ẹ wá irin tó gbé kálípà dúró àti díìsì 255mm ti 1.8. Kálípà yín á padà lọ sórí rẹ̀, rímù 14 ínǹṣì tó bá 1.8 wá sì ń gbà á. Owó rẹ̀ kéré jù. Ọ̀nà kejì ni bíréèkì Sport ti NB, iwájú àti ẹ̀yìn pa pọ̀. Nítorí pé Mazda fúnra rẹ̀ ló so wọ́n pọ̀, wàhálà ìpele 4 kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n rímù 15 ni ó kéré jù tí ẹ lè lò. Mo máa ń gba àwọn tó bá bi mí níyànjú pé kí wọ́n dúró síbí.

Ọ̀nà kẹta ni kálípà onípísítìn mẹ́rin, irú èyí tí iléeṣẹ́ Wilwood ń ṣe. Ó fúyẹ́, páàdì rẹ̀ nípọn, ìpààrọ̀ rẹ̀ sì yá. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta kí ẹ tó sanwó. Ṣé rọ́bà tó ń dí eruku wà ní ẹnu písítìn? Ọ̀pọ̀ kálípà ìdíje kò ní in, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù á sì jẹ písítìn náà. Ṣé ẹ lè rí díìsì rẹ̀ nìkan rà, àbí gbogbo rẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ tún rà? Ṣé àwòṣe páàdì rẹ̀ wọ́pọ̀ tó tí iléeṣẹ́ mélòó kan fi ń ṣe é? Ní ti díìsì, ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n lu ihò sí lójú: ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ihò wọ̀nyẹn ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í là lábẹ́ ooru pápá. Èyí tí ojú rẹ̀ dán, tàbí tí wọ́n fa ìlà sí lára, tó.

Ìpele 6: Ẹ rí i dájú pé rímù á wọlé

Fífẹ̀ rímù nìkan kò tó. Rímù 15 méjì lè wà, kí ọ̀kan gba kálípà, kí apá rímù èkejì máa ha á, nítorí pé bí apá rímù ṣe tẹ̀ síta tàbí sínú ló ń pinnu rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe kálípà gidi máa ń fi àwòrán ìwọ̀n rẹ̀ síta. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò dín in kù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí líle, ẹ gé e, kí ẹ sì yí i ká nínú rímù tí ẹ ti yọ.

Àyẹ̀wò: ó kéré tán, àyè 3mm gbọ́dọ̀ wà yí ká. Ẹ má gbàgbé irin kékeré tí àwọn oní-táyà ń lẹ̀ sínú rímù kó má baà gbọ̀n. Òun gan-an ló máa ń kọ́kọ́ kan kálípà, á sì já bọ́.

Ìpele 7: Síso ó mọ́ ọkọ̀

Ìwé ìtọ́nisọ́nà ti sọ èyí tó pọ̀ jù, nítorí náà ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀ nìkan ni mo máa mẹ́nu bà. Ẹ fi sítáńdì gbé ọkọ̀ ró, ẹ má gbára lé jáàkì. Ẹ fọ ibi tí díìsì ti ń jókòó títí ìpẹtà á fi tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, díìsì tuntun á máa mì. Ẹ lo wásà bàbà tuntun níbi tí họ́ọ̀sì ti wọ kálípà. Ẹnu tí a ń gbà bíléèdì, ìyẹn lé afẹ́fẹ́ jáde nínú óìlì, gbọ́dọ̀ wà lókè. Bí ẹ bá rí i pé ó wà nísàlẹ̀, ẹ ti gbé kálípà ọ̀tún sí òsì, afẹ́fẹ́ kò sì ní jáde láéláé bí ẹ tilẹ̀ bíléèdì di ọ̀la. Lẹ́yìn èyí, ẹ yí sítíárìn dé òpin ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ wò ó bóyá họ́ọ̀sì ń fà tàbí ó ń kan táyà.

Àyẹ̀wò: ẹ tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ gírígírí fún ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Kò gbọ́dọ̀ máa rì. Kí ẹnì kejì máa wo gbogbo oríkèé bóyá óìlì ń sun.

Ìpele 8: Mímú páàdì àti díìsì mọ ara wọn

Ẹ tẹ̀ lé ohun tí ẹni tó ṣe páàdì kọ. Wọn kò jọra. Ní gbogbogbòò, ẹ ó máa dín eré kù láti nǹkan bí 100 sí 20 kìlómítà léraléra níbi tí kò sí ọkọ̀ mìíràn, láì jẹ́ kí ọkọ̀ dúró pátápátá, lẹ́yìn náà ẹ ó wakọ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ kí ó tutù. Bí ẹ bá dúró nígbà tó ṣì gbóná, tí ẹsẹ̀ yín wà lórí pẹ́dà, páàdì á tẹ àmì ara rẹ̀ sí ojú díìsì, ìgbọ̀n tí a sọ ní ìpele 1 á sì bẹ̀rẹ̀. Nítorí èyí kan náà, ẹ má fa bíréèkì ọwọ́ nígbà tí ẹ bá jáde ní pápá. Ẹ fi jíà sí i, kí ẹ sì fi nǹkan dí táyà.

Kí ọkọ̀ tó padà sí títì, ẹ sọ fún iléeṣẹ́ adójútòfò yín pé bíréèkì ti yí padà, nítorí pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àtúnṣe tí ẹ kò sọ lè mú kí wọ́n kọ̀ láti sanwó nígbà ìjàǹbá. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ìwé yín bo ọjọ́ pápá; ọ̀pọ̀ kò bò ó.

Àyẹ̀wò tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti ọjọ́ kìíní ní pápá. Lẹ́yìn ìjáde kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ yọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan, kí ẹ sì wo páàdì láti òkè. Bí orí kan bá ti jẹ tín-ín-rín ju orí kejì lọ lára kálípà onípísítìn kan, irin tí kálípà ń sún lórí rẹ̀ ti gbẹ: ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi gíríìsì bíréèkì sí i. Bí pẹ́dà bá gùn nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn kọ́nà tó le, tó sì le nígbà kejì, ẹ yẹ bíárìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò, nítorí pé mímì rẹ̀ ló ń ti páàdì sẹ́yìn. Kí ẹ tó tún un ṣe, ẹ máa fi ẹsẹ̀ kan pẹ́dà díẹ̀ lójú ọ̀nà tààrà kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ti máa tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ìlà tín-ín-rín bí irun tó là lójú díìsì kò tíì burú. Èyí tó bá ti dé etí díìsì, tàbí tí èékánná yín ń há sínú rẹ̀, ẹ yọ díìsì náà kúrò lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ má sì fi wakọ̀ lọ sílé.